Káàdì gíráfíìsì wo ló bá kọ̀ǹpútà ilé yín mu? Ìfiwéra fún ará Abẹ́òkúta

Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra káàdì gíráfíìsì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀, kọ́kọ́ máa ń bi ọlọ́jà ni pé, "Èwo ló le jù?" Ọlọ́jà yóò dá a lóhùn kíákíá, torí pé ọjà ló fẹ́ tà. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì nílé gan-an ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń lò nílé ní Abẹ́òkúta jẹ́ tòkunbọ̀: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre, ẹrù ọ́fíìsì tí òyìnbó lò tán. Iṣẹ́ ìwé ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Páwápáàkì inú wọn, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, kéré, kéèsì wọn há, méjèèjì yìí ló sì ń yan káàdì fún yín kí ẹ tó tú owó sílẹ̀. Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ tilẹ̀ nílò rẹ̀?

Ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe ìdánrawò JAMB, tó ń wo fíìmù, tàbí tó ń ya bátànì àdìrẹ lórí CorelDRAW fún oníbàárà Ìtòkú kò nílò káàdì kankan. Gíráfíìsì tó wà nínú pirósẹ́sọ̀ Intel ti tó o. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yọ hard disk tó ń yí, ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀, ẹ sọ RAM di 8 GB tàbí 16 GB. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Àwọn tó nílò káàdì ni ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó lórí DaVinci Resolve tàbí Premiere, ẹni tó ń ṣe Blender tàbí àwòrán ilé 3D, àti ẹni tó fẹ́ gbá géèmù. Ẹ fi ẹni tí pirósẹ́sọ̀ rẹ̀ kò ní gíráfíìsì rárá kún un. Intel tí lẹ́tà F wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bíi i5-10400F, tàbí Ryzen 5 3600, kò ní gbé ohunkóhun sójú mọ́nítọ̀ láìsí káàdì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé mọ́dábọ́ọ̀dù wọn ti kú, tó sì jẹ́ pé ohun tó fà á nìyẹn.

Kéèsì tẹ́ẹ́rẹ́ àti kéèsì gíga

Àwọn kéèsì kékeré bí ìwé atúmọ̀ èdè, tí wọ́n ń pè ní Micro, Mini tàbí Tiny, ẹ gbàgbé wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ihò tí káàdì ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ wà láàárín SFF tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti tower tó ga.

SFF kì í gba káàdì gbogboogbò. Káàdì kúkurú tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan ló ń wọ̀ ọ́: bọ́ọ̀dù rẹ̀ ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 7, ti káàdì gbogboogbò sì tó 11. Ẹ tún wo ìbú. Ọ̀pọ̀ low profile tó lágbára ló ń gba ààyè ihò méjì, nínú àwọn SFF kan páwápáàkì sì ti jókòó sí ààyè kejì yẹn. Ẹ mú rúlà, ẹ wọ̀n ọ́n. Nǹkan kẹta ni pé àwọn olùpèsè kan fi ààlà sí iye wáàtì tí ihò yẹn gbọ́dọ̀ gbé nínú SFF wọn, ìwé kọ̀ǹpútà náà ló máa ń sọ ọ́. Ìdí rèé tí a fi fẹ́ràn NVIDIA T600 fún SFF ju ohun tí orúkọ rẹ̀ lókìkí tó lọ: 4 GB, wáàtì 40, ihò kan péré. Ẹ kàn mọ̀ pé mini DisplayPort ni ẹnu tí wáyà mọ́nítọ̀ ń wọ̀ lára rẹ̀, ẹ sì gba adápítọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín.

Tower rọrùn jù. Bí ẹ kò bá tíì ra kọ̀ǹpútà rárá, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó fi káàdì sí i lọ́jọ́ kan, tower ni kẹ́ ẹ rà, bí SFF tilẹ̀ dára lójú jù ú lọ.

Páwápáàkì: ibi tí owó ti ń ṣòfò

Ẹ ṣí kéèsì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páwápáàkì. OptiPlex 7010 tower ní wáàtì 275, SFF rẹ̀ ní 240. OptiPlex 9020 tower ní 290, SFF rẹ̀ ní 255. Kò sí wáyà iná 6-pin tàbí 8-pin (ẹnu oníhò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ) fún káàdì nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Ihò PCIe, ìyẹn ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, fúnra rẹ̀ ń fún káàdì ní wáàtì 75. Wáyà 6-pin ń fi 75 kún un, 8-pin ń fi 150 kún un. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Pirósẹ́sọ̀ i5-4590 ń jẹ wáàtì 84. Mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, dísìkì àti fáànù lápapọ̀, ẹ fi 40 sí i. Bí ẹ bá fi káàdì oníwáàtì 75 sí i, ó di 199. Páwápáàkì 290 yóò gbé e láìmí gúlegúle. Bí ẹ bá fi RX 580 tó ń jẹ 185 sí i, ó di 309. Páwápáàkì 290 ti kọjá agbára rẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé a sọ pé ó ti lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn kan ti ń dọ́gbọ́n ni wọ́n ti ń dáná sun kọ̀ǹpútà: wọ́n á ra adápítọ̀ tó ń sọ wáyà SATA ti hard disk di 8-pin. Ẹnu SATA kò lè gbé ju wáàtì 54 lọ lórí 12V. Tí káàdì bá fa 100 gba ibẹ̀ kọjá, ike rẹ̀ á yọ́, òórùn á sì gba yàrá. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ṣé ẹ lè pààrọ̀ páwápáàkì? Nínú tower, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu wáyà tó wọ mọ́dábọ́ọ̀dù. 7010 tower ń lo 24-pin gbogboogbò. 9020 ń lo 8-pin ti Dell fúnra rẹ̀, EliteDesk 800 G1 sì ń lo 6-pin ti HP. Adápítọ̀ wà fún méjèèjì, ẹ kàn fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín. Ẹ má ra páwápáàkì tó fúyẹ́ bí agolo tó ṣófo, tí wọ́n kọ 500W sí lára. Ìlà +12V lára rẹ̀ ni kí ẹ kà: ẹ fi iye áḿpíà rẹ̀ ṣe ìlọ́po 12. Bí ó bá jẹ́ 18A, wáàtì 216 ló lè fún káàdì àti pirósẹ́sọ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ gàdàgbà sókè.

Àwọn káàdì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Káàdì | Ọdún | Mẹ́mọ́rì | Wáàtì | Wáyà iná |
|---|---|---|---|---|
| GTX 1050 Ti | 2016 | 4 GB | 75 | púpọ̀ kò ní |
| GTX 1650 | 2019 | 4 GB | 75 | àwọn kan ní 6-pin |
| RX 6400 | 2022 | 4 GB | 53 | kò sí |
| RTX 3050 6 GB | 2024 | 6 GB | 70 | kò sí |
| RX 580 | 2017 | 8 GB | 185 | 8-pin |
| RX 6600 | 2021 | 8 GB | 132 | 8-pin |
| RTX 3060 | 2021 | 12 GB | 170 | 8-pin |
| RTX 4060 | 2023 | 8 GB | 115 | 8-pin |

GTX àti RTX jẹ́ ti NVIDIA, RX jẹ́ ti AMD. GT 1030 kò sí níbẹ̀ nítorí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ tó ń lo DDR4 lọ́ra gan-an ju ti GDDR5 lọ, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fi ń tà wọ́n.

Àwọn tí kò fẹ́ wáyà iná

GTX 1050 Ti àti GTX 1650 ń jẹ iná kan náà, ṣùgbọ́n 1650 yára jù ú lọ dáadáa. Ohun tó tún yẹ kó yí ọkàn yín padà ni díráfà, ìṣètò tó ń jẹ́ kí Windows bá káàdì ṣiṣẹ́: NVIDIA ti dá díráfà tuntun fún géèmù dúró fún ìran 1050 Ti ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àtúnṣe ààbò nìkan ló kù fún un títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. 1650 ṣì wà nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Bí iye owó wọn bá súnmọ́ra, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó san owó 1650, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè: bí ihò 6-pin bá wà níbẹ̀ tí páwápáàkì yín kò sì ní in, kì í ṣe tiyín.

RX 6400 ni káàdì tó ń tan àwọn oní-OptiPlex jẹ jù. Ó tuntun, ó kéré, kò jẹ iná, ó ń wọ SFF. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́rin péré ló ní sí mọ́dábọ́ọ̀dù, PCIe 4.0 sì ni wọ́n ṣe é fún. Nínú kọ̀ǹpútà PCIe 3.0, ọ̀nà yẹn di ìdajì. Nínú 7010 tó ń lo pirósẹ́sọ̀ Intel ìran kejì, PCIe 2.0 ni, ọ̀nà náà di ìdá mẹ́rin. Nígbà tí géèmù bá kún 4 GB rẹ̀ tán, ẹ ó rí i tó ń dúró tó ń lọ bí ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò sì ní ẹ̀rọ tó ń kó fídíò pọ̀ (encoder), nítorí náà kò wúlò fún ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

RTX 3050 6 GB ló dára jù nínú ẹgbẹ́ yìí lójú tiwa, ó sì ní irú low profile. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ rẹ̀ o. RTX 3050 ti ọdún 2022 jẹ́ 8 GB, ó ń jẹ wáàtì 130, ó sì ń fẹ́ 8-pin. Ọlọ́jà lè sọ "3050" lásán. Ẹ bèèrè GB rẹ̀, kí ẹ sì fojú yín rí i pé kò ní ihò wáyà.

Àwọn tó fẹ́ 8-pin

RX 580 ni owó rẹ̀ máa ń fani mọ́ra: 8 GB lówó pọ́ọ́kú. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí Ethereum, ọ̀kan nínú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi kúrò lórí káàdì, wọ́n ń fi irú káàdì yìí wa owó bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà sì ti ibẹ̀ bọ̀. Fáànù rẹ̀ lè ti gbó, lẹ́ẹ̀mù (thermal paste) tó ń gbé ooru kúrò nínú rẹ̀ lè ti gbẹ. Irú kan tún wà tí wọ́n kọ 2048SP sí. RX 570 ló wọ aṣọ 580 yẹn. AMD ti yọ ìran rẹ̀ sọ́tọ̀ sí díráfà tí kì í tètè gba àtúnṣe, Blender tuntun kò sì lè fi í yọ àwòrán 3D jáde (render). Fún géèmù àtijọ́ àti bọ́ọ̀lù pẹ̀lú páwápáàkì 500, ó ṣì lè sin yín. Ju ìyẹn lọ, kò sí.

RX 6600 yára jù ú lọ púpọ̀, ó sì ń fi wáàtì 53 dín sí tirẹ̀. Páwápáàkì 450 gidi gbé e. Bó bá jẹ́ géèmù nìkan ni, ibí ni ká dúró sí.

Ẹni tó ń fi fídíò jẹun ni ọ̀rọ̀ RTX 3060 àti RTX 4060 kàn. 4060 yára jù nínú géèmù, iná tó ń jẹ sì kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá to fídíò 4K lé ara wọn lórí DaVinci Resolve, tí ẹ fi àwọ̀ àti ìmúdán sí i, mẹ́mọ́rì ló máa ń kọ́kọ́ tán, 12 GB ti 3060 á sì ṣì máa bá iṣẹ́ lọ níbi tí 8 GB ti ń sọ pé òun ti kún. Blender pẹ̀lú àwòrán ńlá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kọ́ AI sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Torí náà 3060 fún iṣẹ́, 4060 fún eré. Méjèèjì ń bèèrè páwápáàkì 550. Bí pirósẹ́sọ̀ yín bá jẹ́ i5 ìran kẹrin, ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn ṣòfò fún géèmù; pirósẹ́sọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, káàdì á máa dúró dè é.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Ìyàtọ̀ wáàtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún wa. Kọ̀ǹpútà inú ìṣirò òkè yẹn, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ oníwáàtì 25 àti páwápáàkì tó ń fi díẹ̀ ṣòfò, yóò fa nǹkan bí wáàtì 250 lára ògiri bí RTX 3050 6 GB bá wà nínú rẹ̀, bí 325 pẹ̀lú RX 6600, bí 390 pẹ̀lú RX 580. UPS 650VA máa ń gbé nǹkan bí wáàtì 360 sí 390. Pẹ̀lú RX 580, bí iná bá lọ láàárín géèmù, UPS á ké lẹ́ẹ̀kan, á pa. Pẹ̀lú 3050, ẹ ó ráyè tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa á wọ́ọ́rọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré oníwáàtì 650 á gbé gbogbo wọn, bí ẹ kò bá so fìríìjì mọ́ ọn.

Lórí mítà, wáàtì 53 tó wà láàárín 580 àti 6600, ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, jẹ́ yúníìtì mẹ́fà àti díẹ̀ lóṣù. Àwọn tó wà ní Band A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ń ra káàdì IBEDC. Bó bá jẹ́ inverter lẹ ní, ẹ rí i pé pure sine wave ni. Páwápáàkì ìgbàlódé púpọ̀ máa ń kùn tàbí kí wọ́n pa ara wọn lórí irú kejì, modified sine wave.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ kò bá rí ohun tí ẹ fẹ́ ní Òkè-Ìléwó tàbí Pánṣẹ́kẹ́, Computer Village ní Ìkẹjà ni yóò gbé yín lọ. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ fi GPU-Z, ìṣètò tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́ gan-an, sórí fláàṣì lọ. Àwọn oníjìbìtì máa ń kọ orúkọ 1050 Ti sórí GTX 550 Ti tàbí GTS 450 àtijọ́. GPU-Z máa ń kọ FAKE síwájú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ojú lásán náà lè mú un: ìran 1050 Ti kì í gbé VGA jáde fúnra rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ẹnu VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fura. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí FurMark, ìṣètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àmì kéékèèké aláràbarà bá ń fò lójú mọ́nítọ̀, mẹ́mọ́rì rẹ̀ ń kú lọ. Bí ooru bá kọjá 85°C tó ṣì ń gòkè, fáànù tàbí lẹ́ẹ̀mù rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ fi dín owó tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, inú rọ́bà tó ń dènà iná ara ni kó wà, lórí itan yín. Kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀.

Fífi í sínú kọ̀ǹpútà

Ẹ ti gba díráfà rẹ̀ sílẹ̀ láti òru, torí pé ti NVIDIA máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB, dátà ọ̀sán á sì dùn yín. Bí ẹ bá ń ti AMD bọ́ sí NVIDIA, tàbí láti NVIDIA sí AMD, ẹ fi DDU nu díráfà àtijọ́ kúrò ní Safe Mode. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ìyókù iná inú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin kéèsì kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì. Lásìkò ọyẹ́, iná ara máa ń pọ̀. Ẹ má ṣiṣẹ́ yìí lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ihò x16, èyí tó gùn jù, ni kí ẹ lò. 9020 tower ní méjì tó gùn bákan náà: aláwọ̀ búlúù ni ojúlówó, dúdú jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin péré. Ẹ yọ irin tó bo ẹ̀yìn kéèsì níbẹ̀, ẹ tẹ káàdì wọlé tìdí-torí títí ẹ ó fi gbọ́ "káà", kí ẹ tó fi sukúrù dè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ de sukúrù máa ń gbé ìdí káàdì sókè láìmọ̀. Bó bá ní 8-pin, wáyà tí wọ́n kọ PCIe tàbí VGA sí, tó pín sí 6+2, ni tirẹ̀. Èyí tó pín sí 4+4 jẹ́ ti pirósẹ́sọ̀. Ẹnu wọn jọra, ṣùgbọ́n bí iná ṣe tò sínú wọn yàtọ̀. Bí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹ má fi agbára tì í.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ wáyà mọ́nítọ̀ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ fi sára káàdì. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ VGA nìkan, adápítọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìyípadà nínú ló ń ṣiṣẹ́ láti HDMI tàbí DisplayPort. Wáyà lásán tí wọ́n so ẹnu méjèèjì mọ́ kò ní gbé nǹkan kan jáde.

Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣókùnkùn tí fáànù sì ń yí, ẹ yọ káàdì, ẹ tún un tẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ padà sórí gíráfíìsì Intel, ẹ fi BIOS tuntun (ìṣètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) sí i, kí ẹ sì yí i sí UEFI, ọ̀nà ìjí tuntun. Káàdì tuntun máa ń kọ BIOS àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fi Windows sí i lọ́nà àtijọ́, Legacy, yíyí i sí UEFI lásán kò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ dísìkì di GPT, ọ̀nà ìpín dísìkì tí UEFI ń lò. Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tó ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí géèmù bá gbóná, lọ́pọ̀ ìgbà páwápáàkì ni, kì í ṣe káàdì.

Eruku ọyẹ́ máa ń dí ìyẹ́ irin káàdì. Ẹ máa fẹ́ ẹ ní oṣù méjì-méjì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sì fi ìka di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, torí pé eré àsápajúdé ń ba bíárì (bearing) rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn, ẹ yọ káàdì tó wúwo kúrò kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀. Kòtò ọ̀nà lè fọ́ ihò PCIe.